Ọ̀kọ̀ àti Ọkọ̀

Kì í ṣe idà ló pa Cuthwin atukọ̀.
Èmi ni mo pa á rẹ́, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan,
pẹ̀lú báírò pupa àti ife kọfí tó ti tutù.
Ìwé mẹ́sàn-án ni Hester kọ, ó lé ní ogún ọdún;
wákàtí mẹ́jọ ni tẹlifíṣọ̀n fún wa.
Ta ló lè da odò sínú ìgò
kí omi má ṣẹ́ kù sẹ́yìn?

Wọ́n ní ogun làwọn òǹwòran fẹ́.
Wọ́n ní kí iná ti ràn mọ́ òrùlé kó tó di ìṣẹ́jú kẹwàá,
kí àwọn Fáíkíńgì já wọlé
nígbà tí àwọn mọ́ńkì Sásọ́nì ṣì ń gbàdúrà lọ́wọ́.
Ọ̀kọ̀ ni wọ́n fẹ́, wọn ò fẹ́ ọkọ̀.
Ta ni yóò jókòó ti àgbàlagbà kan
tó ń tukọ̀ lọ, tó ń tukọ̀ bọ̀,
tó ń gba ẹyin adìyẹ lọ́wọ́ Sásọ́nì,
tó ń gba ẹja gbígbẹ lọ́wọ́ ará Dáńmákì,
tí kì í bi ẹnikẹ́ni pé ọlọ́run wo lò ń sìn?
Ojú-ewé mọ́kànlélógún.
Mo fi ìlà kan ṣoṣo já gbogbo rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe kó lọ sí ilẹ̀ Họ́ngárì,
torí igbó ibẹ̀ ṣì dí, iṣẹ́ ibẹ̀ sì dínwó.
A fi pákó kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sétí odò:
ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní ẹ̀yìn,
odi ìlú tí atẹ́gùn lè gbé.
Bertalan, tó fi ogójì ọdún yan búrẹ́dì ní abúlé ẹ̀yìn òkè,
kú láàárọ̀ bíi Sásọ́nì.
Ó jẹ ọbẹ̀ ẹran lọ́sàn-án,
wọ́n lẹ irùngbọ̀n mọ́ ọn lágbọ̀n,
ó di ará Dáńmákì kí oòrùn tó wọ̀,
ó ń fi àáké rọ́bà lé àbúrò ìyàwó rẹ̀ kiri inú ẹrẹ̀.
Àbí bó ṣe rí gan-an nìyẹn nígbà náà?
Mo bi ara mi. Òjò ṣú, mo gbàgbé.

Hester dé lọ́jọ́bọ̀, tòun ti bàtà òjò
àti bisikíìtì nínú ike.
Kò bèèrè ọba. Kò bèèrè ogun.
"Cuthwin mi dà?"
Mo sọ̀rọ̀ owó, mo sọ̀rọ̀ àkókò,
mo ní ẹni tí kò bá gé ẹ̀ka
kò lè gbé igi gba ẹnu ọ̀nà.
Ó gbọ́ mi tán.
Ó ní, "Ọkọ mi ni.
Òun ló ń tu àwọn èèyàn sọdá kí wọ́n tó ṣe afárá fún wa.
Bí àjẹ̀ rẹ̀ bá gbá omi ju bó ṣe yẹ lọ,
á ní kí omi má bínú."

Mo ti ka gbólóhùn yẹn rí. Mo rò pé ọ̀ṣọ́ ni.
Ọ̀kọ̀ ni wọ́n ní kí n mú wá,
ọkọ̀ ni mo jù nù,
ọkọ ẹni ẹlẹ́ni ló wà nínú rẹ̀.

Káfíńtà ti kan ọkọ̀ náà kí n tó fa ìlà.
Ó dojú dé létí omi,
àwọn ọmọ ogun ń jókòó lé e mu sìgá.
Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹrẹ̀ gbé bọ́ọ̀sì wọn há sí òdìkejì odò.
Bertalan yí ọkọ̀ náà padà, tirùngbọ̀n-tirùngbọ̀n,
ó kó Sásọ́nì mẹ́rin, ó kó ará Dáńmákì méjì,
Hester jókòó sí iwájú, ó gbé ike rẹ̀ lé itan.
Kámẹ́rà ti wà nínú ọ̀rá.
Àjẹ̀ gbá omi, omi ta sí Bertalan lójú,
ó bú odò náà ní èdè Họ́ngárì, èébú tó gùn.
Hester rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, a sun ọkọ̀ náà
fún òkú ìjòyè Fáíkíńgì kan.
Ó jó dáadáa. Olùdarí pàtẹ́wọ́.